Àgbáyun, Fírísà àti Ìyá Ọkọ Ilé Kejì

Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti ilé kejì, tí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kí lẹ fẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ ṣe? Ṣé kó ki òwú bọ̀ ọ́ ni? Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo ń sọ. Èyí tí mi ò bá gbọ́ dáadáa, mo máa ń yà kí wọn, kí n lè tún un gbọ́.

Lọ́jọ́ tí fírísà wọ ilé kejì, gbogbo agboolé wa ní Ìfọ́n ló mọ̀. Láti Òṣogbo ni wọ́n ti gbé e wá. Wọ́n dè é tọwọ́tẹsẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀, ìdérí rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. A rò pé òkú-èkó ni wọ́n fẹ́ máa tà. Ìyá Ìbejì tiẹ̀ ti ń gbèrò bí òun yóò ṣe máa rí orí ẹja gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣé áísìkiriìmù ni!

Kì í wá ṣe áísìkiriìmù lásán. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo ló mú àbá náà wálé. Ó ní èso oko bàbá bàbá òun ni àwọn yóò fi ṣe é: agbálùmọ̀, iyeye, àgbáyun, àwọn èso tí ajílẹ̀ òyìnbó ò kàn rí, tí ẹnikẹ́ni ò fín oògùn apakòkòrò sí. Ó ní àwọn olówó Èkó ń fi owó gọbọi wá irú èso bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹ̀rín pa mí. Mo mọ bàbá bàbá rẹ̀ yẹn dáadáa. Bàbá ò fi ajílẹ̀ sóko nítorí pé bàbá ò lówó ajílẹ̀ ni! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń pín tìjọba, orúkọ bàbá kì í jáde. Ìṣẹ́ tó ṣẹ́ bàbá nígbà náà lọ́hùn-ún ló di ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fi polówó ọjà lónìí. Ẹ ò rí ayé bí?

Wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí wọn ò mọ ọ̀rọ̀ sọ jẹ́jẹ́ nílé yẹn. Baálé ilé ni yóò máa wá owó. Ọmọ ni yóò máa fi fóònù polówó. Ìyàwó ilé ni yóò máa ṣe é, òun ló ní ọwọ́ oúnjẹ. Ìyá ọkọ wá ní iṣẹ́ tòun ńkọ́? Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọ bá ní kí Màmá máa tọ́ ọ wò. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ìyàwó yẹn wọlé láti Ìlobùú, ìyá ò tíì yin oúnjẹ rẹ̀ rí. Bó bá ro àmàlà, ìyá á ní ó lẹ̀ jù. Bó bá se ẹ̀fọ́, ìyá á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gé e nílé àwọn. Nígbà tí kò rí ohunkóhun sọ, ó ní omi tó fi gbé oúnjẹ wá ti gbóná. Ẹni tí wọ́n wá fi ṣe olùtọ́wò nìyẹn.

Bí mo ṣe dárúkọ Ìlobùú yìí, ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti mú kí ìjọba fi kónílé-ó-gbélé dè wá mọ́lé rí, àwa, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lápapọ̀. Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé à ń fẹ́ ara wa, à ń ná ọjà ara wa, ẹni tó bá sì ń ta ohun tútù, ẹni òùngbẹ ló ń wá, kì í béèrè ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí.

Kí n tó dé ibi tí fírísà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Fan Yógò, nítorí ibẹ̀ ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, tó máa ń fun fèrè rẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí ọmọ ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn, òun ni ọ̀tá tí ilé kejì kọ́kọ́ kéde. Ọmọ ní àwọn á lé e kúrò ládùúgbò láàrin oṣù mẹ́ta. Baálé ilé, tó fi ìgbà kan gbé Ìbàdàn, ló rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ṣé o mọ bí Fan ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó ní ará Dẹ́nmáàkì kan tó ń jẹ́ Erik Emborg, oníṣòwò wàrà, ló dá Fan Milk sílẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1960. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dé Ìbàdàn, ní Ẹlẹ́yẹlé. Wàrà oníyẹ̀fun ni wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á dì í. Ibi ọgbọ́n wọn wà ni kẹ̀kẹ́. Nígbà yẹn, mélòó ni ilé tó ní fìríìjì? Wọn ò dúró dè wá ká ra fìríìjì, wọn ò sì dúró de iná ọba. Wọ́n kan àpótí tó ń dá òtútù dúró mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, wọ́n fi ọmọkùnrin sórí rẹ̀, wọ́n fún un ní fèrè. Ó ní òtútù ni Emborg ń tà, wàrà kàn bá a wọlé ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ṣé ẹ rí i, láti ìgbà náà títí di ọdún 2013 tí Danone ti ilẹ̀ Faransé àti àwọn olówó kan tó ń jẹ́ Abraaj fi rà á, kẹ̀kẹ́ yẹn kò kúrò lójú títì. Wọ́n rà á láàrin ara wọn lókè òkun, ọmọ tó ń fun fèrè ládùúgbò wa ò tilẹ̀ gbọ́. Ọ̀gá rẹ̀ tí ó mọ̀ ni ẹni tó ń ka àpò ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Àwọn ọmọ wa kì í ra èyí tó funfun. Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n ní adùn sitirọ́bẹ́rì ló wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń fẹ́. Ta ló rí sitirọ́bẹ́rì rí ní Ìfọ́n? Orí òkè Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń gbìn ín nílẹ̀ wa, nítorí pé ibẹ̀ tutù. Èso náà kì í fara da ìrìn àjò, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sùn sọ́nà. Àwọn ọmọ wa tí kò mọ igi rẹ̀, tí kò mọ ewé rẹ̀, wọ́n mọ adùn rẹ̀ ju ti iyeye tó ń rẹ̀ dànù lẹ́yìn ilé lọ. Wọ́n á fi eyín já igun ọ̀rá, wọ́n á fa omi pupa inú rẹ̀ títí yóò fi ku yìnyín funfun tí kò ládùn kankan, wọ́n á wá gbé èyí tó kù fún ìyá wọn pé, "Màmi, ẹ gbà."

Ṣùgbọ́n àbàwọ́n rẹ̀! Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ọmọ kan nílé wa fi í ba aṣọ funfun gbáláú jẹ́, láti àyà dé orúnkún. Ìyá ọmọ figbe ta. Bàbá àgbà tó jókòó lábẹ́ igi ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, ó ní èyí tó ṣe Òrìṣà Olúfọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sá mọ̀ pé Ìfọ́n yìí ni ilé Òrìṣà aláàlà. Nígbà tó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, aṣọ funfun ló wọ̀. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó ní kí ó bá òun gbé epo rù. Epo dà sí i lára. Ó lọ wẹ̀ lódò, ó pààrọ̀ aṣọ, ó bọ́ sọ́nà. Èṣù tún yọ, ti èédú ló gbé dání, ti àdín ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa dé Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọba ni. Wọ́n bá a tó di ẹṣin Ṣàngó mú, wọ́n ní olè ni, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Bàbá àgbà ní tí wọ́n bá lè fi epo ba ti Òrìṣà jẹ́, kí ni ti ọmọ kékeré tó fi Fan Yógò ba tirẹ̀ jẹ́? Ìyá ọmọ ní Òrìṣà kọ́ ló ń fọṣọ nílé òun.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹn-ẹ́n. Wàrà.

Wọ́n ní àwọn ò ní lo wàrà inú agolo. Ìyàwó bá lọ bá obìnrin Fúlàní kan tó ń kiri wàrà, ó ní omi wàrà tútù ni òun ń fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti sè. Obìnrin yẹn wò ó títí. Gbogbo wa la mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń gbé e kaná, tí wọ́n ń fi omi ewé bomubómu dá a, kó lè dì, nítorí pé bí oòrùn bá ti ràn sí omi wàrà, ó ti kan nìyẹn. Wọ́n jọ dá àdéhùn ààárọ̀ kùtùkùtù. Ìyàwó á gbé kẹ́tùlù, á sáré lọ, á sáré bọ̀. Èmi náà á sì ti jí, nítorí pé ta ló lè sùn nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá ń sáré?

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òkúta ni. Wọ́n da wàrà àti ṣúgà sínú ìkòkò, wọ́n gbé e sínú fírísà, wọ́n tì í. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọrí odó ni wọ́n fi fọ́ ọ. Ọmọ wá ṣàlàyé pé ó yẹ kí wọ́n máa rò ó bó ṣe ń dì, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, kí yìnyín inú rẹ̀ má baà di gíláàsì. Ó ní nínú áísìkiriìmù ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn, afẹ́fẹ́ ń tó ìdajì ohun tó wà nínú ike. Ìdajì! Mo ti ń fi owó mi ra afẹ́fẹ́ láti ìgbà èwe mi, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Kò sí ẹ̀rọ tí ń rò ó. Ọmọ ní kò le, ó ní kí wọ́n mú garawa, kí wọ́n fọ́ áísì bílọ́ọ̀kì sínú rẹ̀, kí wọ́n da iyọ̀ lé e lórí, kí wọ́n ki ìkòkò wàrà sáàrin, kí wọ́n máa fi ọwọ́ yí i. Ó ní bí iyọ̀ bá kan yìnyín, ńṣe ni yóò máa yọ́, òtútù rẹ̀ á sì ju ti yìnyín lásán lọ. Ó ní obìnrin Amẹ́ríkà kan, Nancy Johnson, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú garawa bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1843, kó tó di pé iná mànàmáná wà nílé ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ ní iyọ̀ kẹ̀? Ní Ìfọ́n? Ó ní àtẹ́ ni Òrìṣà ń jẹ, ẹ wá ń da iyọ̀ sórí ohun funfun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé iyọ̀ kò ní kan wàrà, ìta ìkòkò ló ń gbé. Ó ní òun á máa wò ó.

Ó sì dì! Ẹ̀yin, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Wọ́n yí i títí apá baálé ilé fi wúlé, wàrà náà wá ń fà, ó ń dán, ó ń rọra tẹ̀ lábẹ́ ṣíbí. Wọ́n fún mi ní díẹ̀ nínú ife. Ó dùn. Mo tún gba ti ọmọ mi tí kò sí nílé.

Ìgbà tí wọ́n kó èso wọ ọ̀rọ̀ ni nǹkan dojú rú. Oṣù kìíní ni, agbálùmọ̀ pọ̀ lọ́jà. Gbogbo ẹni tó bá ti jẹ agbálùmọ̀ lọ́mọdé ló mọ̀ pé bí a bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, èèpo rẹ̀ ló kù tí à ń rún títí yóò fi di ṣingọ́ọ̀mù. Oje rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú bílẹ́ńdà, tèèpo tẹran. Ẹ̀rọ yí lẹ́ẹ̀mejì, ó kùn, ó dúró. Oje ti mú ọ̀bẹ inú rẹ̀ dání. Wọ́n fi kẹrosíìnì nù ún kó tó tú sílẹ̀, bílẹ́ńdà yẹn ń rùn bí àtùpà títí dòní. Ìyá ọkọ, olùtọ́wò, tọ́ èyí tí wọ́n rí yọ wò. Ó ní ó kan, ó ní ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu òun, ó ní ṣé nítorí èyí ni wọ́n ṣe pe òun wá sí ìpàdé.

Ó wá ku àgbáyun. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló ní igi àgbáyun wà létí odò nínú oko ọkọ òun, ó tó mélòó kan. Igi náà kò ga, kì í yára dàgbà. Ẹni tó bá gbin kóró rẹ̀ lónìí, ó lè retí ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kó tó rí èso. Pupa fòò ni èso rẹ̀, kò tó orí ìka kékeré, kóró inú rẹ̀ ló gba ibẹ̀ kan, ẹran ara rẹ̀ kò pọ̀. Bí o bá jẹ ẹ́ lásán, o ò ní mọ̀ pé o jẹ nǹkan. Àfi ìgbà tí o bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Háà! Ọsàn wẹ́wẹ́ á di oyin. Ògì kíkan á di ohun tí wọ́n fi ṣúgà pò. Àwọn àgbà wa mọ èyí tipẹ́. Láti ọdún 1725 ni arìnrìn-àjò ọmọ Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Des Marchais ti rí i tí àwọn ènìyàn etíkun wa níhìn-ín ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ ohun kíkan, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n bá se é. Ẹ gbọ́ o: wọ́n fi iná sè é! Wọ́n bó o, wọ́n gbé e kaná pẹ̀lú wàrà àti ṣúgà, wọ́n yí i nínú garawa, wọ́n dì í. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Owó ṣúgà ṣòfò, àgbáyun ṣòfò. Ọmọ wá lọ kàwé sí i, nígbà tó kù díẹ̀ káàtó ni àwọn ọmọ ìwòyí máa ń kàwé. Ó padà wá ní ọ̀nà méjì ni àwọn fi ṣì í. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbáyun, tí Kurihara ọmọ Jàpáànù àti Beidler ọmọ Amẹ́ríkà yọ jáde lọ́dún 1968, iná ń pa á. Èkejì, kò ládùn fúnra rẹ̀. Ara ahọ́n ló ń lẹ̀ mọ́, níbi tí ahọ́n fi ń mọ ohun dídùn. Bí ohun kíkan bá dé bá a níbẹ̀, á jí, á máa tan ahọ́n pé adùn ló dé. Wàrà oníṣúgà kò kan. Ta ni yóò wá jí i?

Ṣùgbọ́n nínú ìwé kíkà yẹn ni ọmọ ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí mi ò lè gbàgbé, nítorí pé òfófó pọ́ńbélé ni, ti òyìnbó. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo pa iná ọbẹ̀ mi kí n lè gbọ́.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan ló wà, Robert Harvey lorúkọ rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ nítorí àgbáyun. Àgbáyun yìí náà, tiwa yìí! Miralin ni wọ́n pè é. Wọ́n gbìn ín sí Jamaica, wọ́n gbìn ín sí Puerto Rico, àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ńlá kówó sí i. Èrò wọn ni pé àwọn alátọ̀gbẹ àti ẹni tó fẹ́ fọn á máa rí adùn jẹ láìfi ṣúgà kan ẹnu. Nígbà ooru ọdún 1974, wọ́n gbé áísì onígi wá fún àwọn ọmọ iléèwé ní Boston. Àwọn kan jẹ́ oníṣúgà, àwọn kan sì ni wọ́n fi àgbáyun bò lára. Ti àgbáyun làwọn ọmọ yàn. Ẹ wò ó, ohun tí ilé kejì ń wá kiri nínú garawa iyọ̀, wọ́n ti ṣe é ní Boston kí wọ́n tó bí baálé ilé.

Ó wá di ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde. Harvey fúnra rẹ̀ ló sọ èyí lẹ́yìnwá. Ó ní ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́ọ̀ọ́kán ọ́fíìsì àwọn, ẹni inú rẹ̀ ń ya fọ́tò. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan lé òun, òun tẹná, ọkọ̀ yẹn náà tẹná. Ó ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, àwọn jẹun tán, àwọn padà sí ọ́fíìsì, àwọn bá a pé wọ́n ti fọ́ ọ, fáìlì fọ́n ká sílẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, irú NAFDAC tiwa, ní wọn ò lè tà á bẹ́ẹ̀, ó ní àfikún oúnjẹ ni, àyẹ̀wò ọlọ́dún gbọọrọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sí i. Owó ti tán. Miralin kógbá sílé.

Ta ló ran àwọn tó fọ́ ọ́fíìsì? Àwọn kan ń nàka sí àwọn oníṣúgà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí jáde. Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé mo ní fèrèsé ilé ìdáná tó kọjú sí ọ́fíìsì Harvey ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti yanjú láti 1974. Ẹ tún gbọ́, ní ọdún 2021 ni Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n máa ta àgbáyun gbígbẹ fún jíjẹ. Wọ́n ní oúnjẹ tuntun ni. Tuntun! Ìyá ọkọ gbọ́, ó pòṣé. Ó ní kí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ òun. Ó ní èso ìdí ewé eéran tí à ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín pàápàá, ṣebí àwọn ń lá a lóko lọ́mọdé. Ọmọ ní òótọ́ ni Màmá sọ, ó ní Tate & Lyle ní Ìlú Ọba ti yọ adùn inú ìyẹn, wọ́n ń pè é ní Talin. Bẹ́ẹ̀, ewé là ń rà lọ́jà Ìfọ́n, èso là ń sọ nù.

Bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ro ọ̀rọ̀ yẹn, ni ìyàwó, tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, bá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi wàrà sílẹ̀." Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́, ó là á mọ́ omi, kò fi ṣúgà sí i rárá, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, ó dì í. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan, á gba èso àgbáyun kan tútù lọ́wọ́. Kó kọ́kọ́ fi àgbáyun ra ahọ́n dáadáa, kó tu kóró rẹ̀, lẹ́yìn náà kó bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi ọsàn rẹ̀. Kò sí iná, kò sí garawa, kò sí bílẹ́ńdà. Mo rà á lọ́jọ́ kìíní. Mo lá omi ọsàn kí n tó fi àgbáyun sẹ́nu, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Mo fi àgbáyun ra ahọ́n, mo tún un lá. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́!

Ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ gbé e kiri. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn olùkọ́ ti ń rán wọn. Ìyàwó ń gbé e lọ sí ọjà Ìlobùú, ó ń tán. Ìṣòro tó kù, ti ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá wá láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó jókòó ti fírísà, ó tọ́ mẹ́fà wò láti mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ń wá kí Màmá lójoojúmọ́, àwọn tí kì í wá tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń rà á láwìn, wọ́n ní ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbáyun tí wọ́n bá ká lónìí kò ní dára mọ́ lọ́tùn-únla, nítorí náà baálé ilé ń gun ọ̀kadà lọ sóko ní òwúrọ̀ òwúrọ̀, ẹni tó ní owó nìkan ni òun yóò máa wá. Ọmọ ń sáré nọ́ńbà NAFDAC. Iná ọba, ẹ fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá lọ, wọ́n á tan jẹ́nẹ́rétọ̀, á máa dún títí di òru, èmi ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kí n tó lọ gbé ìkòkò mi sọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o.

Ìyá ọkọ jókòó sẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀, ó ń ṣa àgbáyun, ó ń yọ àwọn tó ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó bá rọ̀, ó ń jù ú sẹ́nu. Mo kà á dé márùn-ún. Ìyàwó gbé ògì wá fún un, ògì tó ti kan lójú méjèèjì, nítorí pé òwò ò jẹ́ kó ráyè pààrọ̀ omi rẹ̀. Kò fi ṣúgà sí i, ṣúgà ti tán. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Ìyá gbé ife, ó mu ún, ó dúró. Ó tún mu ún. Ó mu ún tán, ó fi ìka nu ìsàlẹ̀ ife. Ó ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun. Ọwọ́ rẹ dára. Mi ò mu irú ògì yìí rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ gan-an, omi dé sójú rẹ̀. Baálé ilé sáré jáde láti inú ilé, ó ní kí ló dé? Wọ́n di mọ́ra. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri agboolé pé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyá ti yin ìyàwó. Ìyàwó ti ní irú ògì yẹn gẹ́lẹ́ ni òun yóò tún gbé fún ìyá lọ́la, ó ti ń fi omi rẹ̀ sílẹ̀ kó kan dáadáa.

Àwọn àgbáyun tó rọ̀ ti tán nínú abọ́, mo yọjú wò ó. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan, èmi náà ò sì dá sí i.